Kò-yé-mi Alágbàfọ̀

Orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní yunifásítì ni Kò-yé-mi. Wọn ò fi bú u. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ tán, tí gbogbo kíláàsì ń mi orí bí alángbá, òun nìkan ni yóò nawọ́ sókè, tí yóò sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi." Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wọn ò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò yé àwọn náà.

Lónìí, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni, alágbàfọ̀ sì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ń rìn fún wákàtí mẹ́ta gbáko kó tó dé yunifásítì yẹn. Bí ènìyàn bá wọlé, òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà láàárín, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ sì ti jóná ní ojú méje mẹ́jọ. Lẹ́yìn ilé, ọpọ́n mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, okùn mẹ́fà sì lọ láti ara ògiri kan dé ara èkejì. Aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí wọ́n fi òwú pupa rán sábẹ́ ọrùn rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀, tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò gbà kí ṣẹ́ẹ̀tì ẹnìkan ṣèèṣì bá ẹlòmíràn lọ sílé. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kì í yẹ àdéhùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ó ti fìgbà kan ka ìwé ìṣirò ní yunifásítì dé ọdún kẹta.

Ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní lọ́dún náà, èyí tó le jù ni ìṣirò ohun tó lè ṣẹlẹ̀ àti ohun tó lè má ṣẹlẹ̀: bí òjò bá rọ̀ lónìí, ìgbà mélòó nínú mẹ́wàá ni yóò tún rọ̀ lọ́la, àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú, kò sì padà mọ́. Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ìwé fúnra wọn, pé ọjọ́ ìdánwò kò ní yẹ̀.

Inú bí àwọn kan. Àwọn kan kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà. Ọ̀pọ̀ ló kàn gba ilé lọ sùn. Kò-yé-mi dúró níwájú ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró tì í, tí wọ́n ń pè ní Agbọ̀nrìn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn.

"Ṣé ìwọ lè dá ìwé náà kà kó yé ọ?"

"Èmi kẹ̀? Nígbà tí olùkọ́ ń ṣàlàyé gan-an, kí ni mo gbọ́ níbẹ̀?"

"Èmi náà ò lè dá a kà," ni Kò-yé-mi wí. "Wá, ká jọ má mọ̀ ọ́n."

Wọ́n rí yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àwọn káfíńtà yunifásítì, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ẹni méjì tún dara pọ̀ mọ́ wọn: ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ ní Dákẹ́. Àwọn mẹ́rin wá àga mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn ṣì pé, tàbí tó kù díẹ̀ kó pé. Ti Dákẹ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ògiri ló fi ṣe ẹ̀kẹrin.

Kò-yé-mi ló gbé òfin kalẹ̀. Ó ní bí kálukú bá mú ibi tó mọ̀, àwọn yóò kàn máa fi ìmọ̀ yangàn síra àwọn ni. Orí ìwé tó bá ń bà ọ́ lẹ́rù jù lọ ni kí o mú. Kí o lọ kà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o wá sọ ọ́ fún àwọn yòókù ní Ọjọ́bọ̀, bí ìwọ ṣe rí i, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ. Iṣẹ́ àwọn yòókù ni kí wọ́n dá ọ dúró níbikíbi tí kò bá ti yé wọn. Ẹni tó bá sì mi orí nígbà tí kò yé e, òun ni yóò gbá yàrá lọ́jọ́ náà.

Agbọ̀nrìn ló gbá yàrá náà jù. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kú. Wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà láti máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà," kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ òdìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Onígíláàsì ń ṣàlàyé orí kẹrin, Agbọ̀nrìn sì ń mi orí. Kò-yé-mi ní, "Ó dáa, sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn." Agbọ̀nrìn la ẹnu, ó pa á dé, ó wo òkè àjà, ó wá dìde, ó lọ mú ìgbálẹ̀. Dákẹ́, tí wọn kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí, rẹ́rìn-ín débi pé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e ṣánlẹ̀.

Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìdánwò fi dé. Nínú ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́, mọ́kànlá péré ló yege, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ Kò-yé-mi lónìí, kò ní rántí iye máàkì tó gbà. Ohun tó rántí ni bí ojú Agbọ̀nrìn ṣe máa ń rí nígbà tí nǹkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ojú rẹ̀ á là. Á wá sọ pé, "Áà, ibẹ̀ ni wọ́n gbà," bí ẹni tó ti ń wá ọ̀nà ilé kan kiri láti àárọ̀.

Ọdún kẹta bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tuntun dé, wọn kò sì fi yàrá náà sílẹ̀ síbẹ̀. Kò-yé-mi mú orí kẹjọ nínú ìwé tuntun wọn, èyí tó ń bà á lẹ́rù jù: bí ohun kan bá ti ṣẹlẹ̀ ná, tí kò ṣeé yí padà, kí ló kù tó tún lè ṣẹlẹ̀? Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bàbá kú mọ́ ọn lára. Ìyá wọn ti di olóògbé. Kò-yé-mi ni àkọ́bí, àwọn àbúrò mẹ́ta sì ṣì wà nílé ìwé. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé sáà kan péré lòun máa fi sílé. Ó gbé ìwé náà dání nínú àpò, ó sì fi ewé pélébé kan sí orí kẹjọ kí ibẹ̀ má bàa sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Sáà kan náà ló di ọdún méjìlélógún.

Kì í ṣe pé ẹnìkan fi tipátipá dá a dúró. Bàbá ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé e dìde láàárọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó tẹ̀lé e ń lọ ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwọn oníbàárà ní aṣọ nílẹ̀. Ní ìparí sáà, ó ní òun máa lọ ní sáà tó ń bọ̀. Nígbà tí ìyẹn náà kọjá, kò sọ pé òun máa lọ mọ́, kò sì sọ pé òun kò lọ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ ṣòkòtò kí ìlà rẹ̀ tọ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n yíǹkì láìba àwọ̀ aṣọ jẹ́. Ọdún ń gorí ọdún.

Agbọ̀nrìn kọ lẹ́tà méjì sí i. Kò-yé-mi ka ti àkọ́kọ́. Agbọ̀nrìn sọ nípa yàrá náà níbẹ̀, ó ní àwọn ò tíì fún ẹlòmíràn ní àga rẹ̀, ó ní Dákẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ báyìí bí rédíò. Kò-yé-mi kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí i pé òun kò lè lọ aṣọ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èkejì dé, kò ṣí i. Ó tì í sínú ìwé, ó ti ìwé bọ inú àpótí, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ó sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ìfẹ́, tàbí kó jẹ́ pé irú ìfẹ́ tí kò ní orúkọ ni. Àárò ọkọ kò sọ ọ́. Ọkùnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní ọdún wọ̀nyẹn, ó sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé rárá. Àárò yàrá tó kún fún àga tó kán ló ń sọ ọ́.

Ìwé kíkà kò nira fún un láti dá ṣe. Ó rí i bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ń mú ìwé náà jáde lọ́sàn-án, nígbà tí aṣọ bá wà lórí okùn. Ó ka orí kẹjọ tán, ó ka ìkẹsàn-án, ó ń yanjú ìṣirò sẹ́yìn páálí ọṣẹ. Ohun tí kò rí ni ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ní ìgbà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, tó máa ń jókòó sórí àga onírọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì látàárọ̀ dalẹ́. Àìsàn náà ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ lọ mọ́ bàbá lẹ́nu, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù. Ṣé ebi ń pa yín? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti yó? Bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe fa ohùn ni ọmọ rẹ̀ fi ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

"Bàbá, ẹ gbọ́. Bí a bá ti mọ̀ pé òjò rọ̀ láàárọ̀, iye ìgbà tó lè rọ̀ lálẹ́ kì í ṣe iye tí a ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ sì ń dán sí i.

Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" kọ́ ẹ̀kọ́. Ó bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù méjì, ó wá dákẹ́.

Ìgbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tún jí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó sì ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì yẹn kan náà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ká ìbọ̀sẹ̀ oníbàárà ní méjì méjì, ó sì ń ráhùn.

"Àǹtí, olùkọ́ wa kan wà níbẹ̀, ọ̀lẹ pọ́ńbélé ni."

"Kí ló ṣe?"

"Kì í kọ́ wa. Ó ní kí kálukú mú orí ìwé tó ń bà á lẹ́rù jù, kó lọ kà á fúnra rẹ̀, kó wá sọ ọ́ fún àwa yòókù. Tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó á ní, 'Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?' Àwọn òbí wa ń rán wa lọ kí olùkọ́ lè kọ́ wa, òun ń ní ká kọ́ ara wa. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù: ẹni tó bá mi orí nígbà tí kò yé e, òun ló máa gbá kíláàsì."

Ọwọ́ Kò-yé-mi dúró lórí aṣọ.

"Àǹtí. Àǹtí, ẹ̀wù yẹn ń jó."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Àpá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì náà, bí ojú áyọ́ọ̀nù ṣe rí gẹ́lẹ́. Ti ọ̀gá ilé ìwé kan ni, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Fún ọdún méjìlélógún, Kò-yé-mi kò jó aṣọ ẹnikẹ́ni rí. Kò tilẹ̀ wò ó.

"Báwo ni olùkọ́ yẹn ṣe rí?"

"Ó ga. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rin iwájú kíláàsì já."

"Ta ló kọ́ ọ ní bó ṣe ń kọ́ yín yẹn? Ṣé ó sọ?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn."

Kò-yé-mi ká ẹ̀wù tó jó náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bu omi mu. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, èmi ni màá sìn ọ́ padà."

Ìdí tó fi fẹ́ lọ kò yé òun fúnra rẹ̀. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ẹrù ọmọ náà pọ̀, ó yẹ kí àgbàlagbà kan bá a gbé e. Àbúrò rẹ̀ wo ẹrù náà, báàgì méjì péré ni, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbà láti wá dúró ti bàbá fún ọjọ́ náà.

Wọ́n dé ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Àwọn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nígbà tirẹ̀ ti ga ju òrùlé lọ. Ilé iṣẹ́ àwọn káfíńtà ti lọ. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ọmọ náà fi ní, "Àǹtí, a máa pẹ́ o."

Ó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìyá ẹnìkan ni, wọ́n kí i, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ wọlé. Irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ikùn kékeré kan sì ti yọ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò yí padà. Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ní kí ẹni tí ó kàn bọ́ síwájú.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀ ló jáde. Ó kọ ìlà mẹ́jọ sójú pátákó, ó ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tó parí, gbogbo kíláàsì mi orí. Olùkọ́ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú lọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó jókòó níbẹ̀.

"Ìyá tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ó yé yín?"

Eré ni ó fi ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ara ọmọ àbúrò rẹ̀ bù máṣọ. Kò-yé-mi dìde. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó dé iwájú.

"Ó yé mi títí dé ìlà kẹrin, sà. Láti ìlà karùn-ún, kò yé mi."

Olùkọ́ na ọrùn sókè. Ó ń wò ó. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níwájú yíjú sí pátákó, ó ka ìlà karùn-ún, ó tún un kà, ó wá ní, "Ẹ má bínú. Kò yé èmi náà. Inú ìwé ni mo ti rí i, mo kàn dà á kọ ni." Nígbà náà ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi wákàtí tó kù jà lórí ìlà yẹn, wọ́n sì rí i pé ìwé náà ló fo ìgbésẹ̀ kan. Olùkọ́ kò dá sí i. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kò sì yé wo ẹ̀yìn kíláàsì.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde tán, ó rìn wá bá a. Kò-yé-mi tún dìde.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ta lò ń kí ní sà?" ni Agbọ̀nrìn wí. "Jókòó, jàre."

Wọ́n jókòó pẹ̀lú àga kan láàárín wọn. Agbọ̀nrìn béèrè àlàáfíà bàbá. Kò-yé-mi ní ó wà. Òun náà béèrè Onígíláàsì àti Dákẹ́. Onígíláàsì wà lókè òkun, ó ní ọmọ mẹ́rin. Dákẹ́ ń ka ìròyìn nílé iṣẹ́ rédíò kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

"Ṣé o rí lẹ́tà mi?"

Kò-yé-mi lè purọ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ a máa sọ lẹ́tà nù. "Mo rí méjèèjì," ni ó wí. "Ọ̀kan ni mo kà. Mi ò lè ṣí èkejì. Kì í ṣe torí tìẹ."

Agbọ̀nrìn mi orí, ó wá rántí ara rẹ̀, ó dá orí dúró. "Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Sọ ọ́."

"Mo fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà náà ni. Lẹ́yìn tí o lọ, mo padà sídìí orí mímì. Mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ méjì. Mo wá kọ̀wé sí ọ pé kí o sọ fún mi bóyá kí n máa lọ tàbí kí n dúró. Mo ní ohun tí o bá ti sọ ni màá ṣe."

Kò-yé-mi wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí omi àti ọṣẹ ti sọ di híhunjọ. "Mi ò sì dáhùn."

"O ò dáhùn. Mo dúró dè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó yá, mo ní ó dáa, ìbéèrè yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, a jẹ́ pé èmi ni mo máa mú un." Ó sọ ọ́ láìbínú. "Mo jókòó sínú yàrá yẹn lémi nìkan. Mo dá a kà. Mo tún dá a gbá pẹ̀lú."

"Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń retí rẹ ni. Gbogbo ọdún tí kíláàsì tuntun bá wọlé ni mo máa ń wo ojú wọn, bí ẹni pé o lè wà níbẹ̀, tí o ṣì wà ní ọmọ ogún ọdún."

Ó sọ fún un pé òun ti béèrè ní ọ́fíìsì nígbà kan, bóyá ènìyàn lè padà wá parí. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Àfi kí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, bí ẹni tí kò kàwé rí. Kò-yé-mi ní òun mọ̀. Òun náà ti kọ̀wé béèrè rí, ní ọdún kẹsàn-án, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

"Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kí ènìyàn má wá gbọ́," ni Agbọ̀nrìn wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ní kíláàsì. Ìjókòó ẹ̀yìn ń ṣòfò."

"Ta ni màá fi bàbá sílẹ̀ fún?"

Agbọ̀nrìn dìde, ó gbé àga tó wà láàárín wọn padà sáyè rẹ̀. Ó sìn ín dé ibùdókọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó ń dín ìgbésẹ̀ rẹ̀ kù kó má bàa ṣíwájú rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, Kò-yé-mi wo ẹ̀yìn. Ó ṣì dúró níbẹ̀, ó ga ju gbogbo àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ lọ, títí ìyànà fi gbà á lójú rẹ̀.

Kò-yé-mi ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún ọ̀gá ilé ìwé. Ọkùnrin náà wò ó tinú tòde, ó ní èyí tó jó yẹn tilẹ̀ ti ń há òun láyà.

Bàbá gbé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sí i láyé. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì fá ẹ̀gbẹ́ kejì tán kó tó ké sí àwọn ará ilé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àbúrò rẹ̀ rò pé yóò sinmi. Kò sinmi, ó ń fọ aṣọ, ó ń lọ aṣọ. Àga onírọ̀rí dúró níbi tó wà. Nígbà mìíràn ó ń gbọ́ ara rẹ̀ tó ń béèrè bóyá ebi ń pa ẹnìkan.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú náà, ó gé pátákó kékeré kan, ó kọ ọ́ sí i pé ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà kùn. Wọ́n rò pé ìjọ tuntun kan ló lọ dara pọ̀ mọ́.

Ó ti tó ọdún kan tó ti ń lọ báyìí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló ń wọ̀, èyí tó kẹ́yìn nírọ̀lẹ́ ló ń gbé e padà, wákàtí mẹ́fà lójú ọ̀nà fún wákàtí méjì nínú kíláàsì. Ó ti mú orí mẹ́ta nínú ìwé wọn, ó sì ti bọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ àti òórùn ọṣẹ lára, láti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó lè bí. Wọn kì í ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ń dá a dúró ní gbogbo ìlà, ó sì ń padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè tó pọ̀ ju èyí tó gbé wá lọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti ra fọ́ọ̀mù ìwọlé fún un. Ó ti kún un tán, àyàfi ibi tí wọ́n ti ní kó kọ ọdún tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, òfin yunifásítì ni pé kí olùkọ́ pe orúkọ. Agbọ̀nrìn á ṣí ìwé ńlá náà, á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn ọmọdé kan á sì dáhùn láti ibí, òmíràn láti ọ̀hún. Kò-yé-mi á jókòó sẹ́yìn, á pa ẹnu dé, á máa tẹ́tí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan títí dé èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn olùkọ́ á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń wá orúkọ kan tí wọn kò tíì kọ sínú ìwé náà. Á wá pa á dé.